Ṣé O Mọ̀? Láti Orí Káàdì Àjọ Ṣómólú Dé Ọgbà Mickey

Ṣé o mọ̀ pé ọgbà eré Walt Disney World tó wà nítòsí Orlando tóbi ju gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ, ká tiẹ̀ rọra ṣírò rẹ̀? Ṣómólú, tòun ti Bàrígà, Ìlàjẹ, Pedro àti Fọlá Àgórò, kò pé kìlómítà onígun mẹ́rin 12. Ti Disney tó 100! Tí o bá fẹ́ kó ọmọ lọ síbẹ̀, bàtà tó rọ̀ lẹ́sẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ báàgì.

O ti gbọ́ ọ rí, àbí, pé orí ẹnì kan pé bíi ti alájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò mẹ́ta tó fi ra kẹ̀kẹ́? Èèyàn gidi ni o! Alphaeus Táíwò Olunaike lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní 1915, tó sì gbé ayé títí di 2012. Ojúlé dé ojúlé ló ti ń gba owó, wọ́n sì ní kì í ṣi iye tí oníbàárà kankan dá, bí wọ́n ti wù kí wọ́n pọ̀ tó. Kẹ̀kẹ́ a máa gba ojú ọ̀nà tóóró tí mọ́tò ò lè gbà, kì í sì í mu epo. Nínú gbogbo ìṣirò ìrìnnà tí mo ti kó jọ, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Gbọ́ èyí ná: ọdún 34 kí Disneyland tó ṣílẹ̀kùn ní California ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ti ṣàlàyé èésú fún aráyé. 1921 ni ìwé náà jáde. Ọgbà yẹn di ọjọ́ 17, oṣù keje, 1955.

Èésú gan-an ti dé òkè òkun ṣáájú wa! Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Trinidad, wọ́n sì ń dá a níbẹ̀ títí dòní.

Mú káàdì àjọ kan lọ́wọ́, kí o wò ó dáadáa. Páálí pélébé ni, wọ́n fa ilà sí i ní ojú kéékèèké 31, alájọ á sì máa fi báírò sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí o ti ń dá a. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀. Ṣé o ti ṣírò rẹ̀ rí? Ẹni tó ń dá ₦1,500 lójoojúmọ́ fún odidi ọdún á dá ₦547,500. Alájọ á mú ₦18,000, ìwọ á kó ₦529,500 lọ sílé.

Kí ni ₦529,500 yẹn lè ṣe? Á gba páspọ́ọ̀tù olójú-ewé 32 fún èèyàn márùn-ún, á sì tún ku ₦29,500! Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án 2025 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di ₦100,000.

Wá wo ẹni tó tètè jí: ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tó ṣe tiwọn ní oṣù kẹjọ 2024 san ₦175,000 péré, torí ₦35,000 ni nígbà náà. Ọdún márùn-ún ni ìwé náà ń lò, nítorí náà ó ṣì wúlò lọ́wọ́ wọn títí di 2029.

Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí. Ní 1982, nígbà tí ọgbà EPCOT ti Disney ṣí ní Orlando, $15 ni àgbà ń san fún ọjọ́ kan, naira wa sì lágbára débi pé bíi naira mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Naira mẹ́wàá!

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín òkò méjì tó bà wá ní 2023: ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú naira sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ní ọjọ́ 17, Amẹ́ríkà gbé owó físà ìbẹ̀wò kúrò ní $160 sí $185. Dọ́là tó ń lọ ní nǹkan bíi ₦470 ní báńkì kọjá ₦1,500 kí oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn ṣáájú ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n rín dé pápákọ̀ òfuurufú.

Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè dá jókòó, iye tí bàbá rẹ̀ san fún físà Amẹ́ríkà lòun náà ń san! Ti Faransé ńkọ́? Láti oṣù kẹfà 2024, €90 ni físà Schengen fún àgbà, €45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, ọmọ tí kò tíì pé mẹ́fà kò sì ní san kọ́bọ̀. Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ní Bàrígà, ṣé o gbọ́?

Ọjọ́ kìíní ọdún 2026 ni Amẹ́ríkà dá físà ìbẹ̀wò tuntun dúró fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Béèrè bí ó ti rí lónìí kí o tó náwó sí i. Ẹni tí físà rẹ̀ ṣì wúlò lọ́wọ́, tirẹ̀ dùn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan náà, àgbà ni ní Orlando, ọmọdé ni ní Paris! Ọgbà Disney ti Florida ń gba owó ọmọdé lọ́wọ́ ọmọ ọdún 3 sí 9. Ti Paris fà á dé 11. Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta, ọ̀fẹ́ ló ń wọlé níbi méjèèjì, ì báà jẹ́ pé ọ̀la ni yóò pé e.

Ọkọ̀ ojú irin RER ń já èèyàn sí ẹnu ọ̀nà ọgbà Paris gan-an, ìrìn kìlómítà tó lé ní 30. Nígbà tí 2025 wọlé, wọ́n sọ owó rẹ̀ láti àárín ìlú di €2.50, ìdajì iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀!

Bàálù ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tó jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ń san bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tó ń rékọjá òkun. Ṣọ́ra o: bó bá pé méjì kí ẹ tó padà, ẹ máa ra àga fún un nígbà àbọ̀.

Èyí náà dùn mọ́ mi gan-an. Nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ni àwọn ọmọ Orlando ń padà sílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ Ṣómólú ṣì wà nílé ní họlidé gígùn títí wọ oṣù kẹsàn-án! Ìparí oṣù kẹjọ yẹn ni ìlà máa ń kúrú nínú ọgbà, tí owó hótẹ́ẹ̀lì sì máa ń wálẹ̀. Òòrùn ń mú nígbà náà, òjò sì ń rọ̀ lọ́sàn-án, àmọ́ ta ni òjò ọ̀sán máa lé padà, ẹni tó ti la ẹ̀kún omi Bàrígà já ní oṣù kẹfà?

Ọjọ́ tí o yàn ló ń sọ iye tí o máa san. Ní 2025, ọjọ́ tó rọjú jù lọ nínú ọgbà Animal Kingdom ti Disney ní Orlando jẹ́ $119. Nígbà Kérésì, Magic Kingdom gba $199.

Ṣé o mọ̀ pé o lè gbé oúnjẹ tìrẹ wọ Disney? Àmọ́ wọn ò ní gba igò àti ọtí. Chin-chin tí o dín nílé lè bá yín dé ibẹ̀. Kílíṣí àti ẹran gbígbẹ ò ní kọjá lọ́wọ́ aṣọ́bodè Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù, nítorí náà jẹ tìrẹ tán kí o tó wọkọ̀.

Omi yìnyín, ọ̀fẹ́! Bá wọn béèrè ife kan níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíákíá nínú ọgbà Orlando, wọ́n á fún ọ láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá rántí di gààrí Ìjẹ̀bú sínú báàgì mọ ohun tí mò ń wí.

Ìlà kan, òbí méjì! Bí ọmọ bá kéré ju kó gun nǹkan eré lọ, bàbá á gùn ún, ìyá á dúró ti ọmọ. Bí bàbá bá bọ́ọ́lẹ̀, ìyá á gùn ún láìtún tò. Béèrè fún Rider Switch.

Bí ọjọ́ ìbí ọmọ bá bọ́ sí àárín ìrìnàjò, wọ́n á fún un ní báàjì ọjọ́ ìbí lọ́fẹ̀ẹ́ ní Orlando, gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá rí i á sì máa kí i ní orúkọ rẹ̀. Mo mọ ọmọ tí báàjì yẹn dùn mọ́ ju gbogbo eré lọ.

Páálí kọnfíléèkì lè ṣí ilẹ̀kùn ọgbà eré Legoland! Ní Britain, ọ̀pọ̀ ọdún ni Kellogg's ti fi ń tẹ ìwé ẹ̀dínwó sára páálí rẹ̀, tí àgbà kan fi ń bá ẹni tó sanwó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Tí o bá ní àǹtí ní Peckham, tètè sọ fún un pé kó má da páálí nù.

Ọgbà eré tó pẹ́ jù lọ láyé kì í gbowó ẹnu ọ̀nà! Bakken ni orúkọ rẹ̀, ní Denmark, láti 1583. Nǹkan tí o bá gùn nìkan ni wàá sanwó rẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni Tivoli wà, ti 1843, èyí tí Walt Disney fúnra rẹ̀ lọ wò kó tó kọ́ tirẹ̀.

Kí o tó rìn jìnnà, kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà eré Hi-Impact Planet lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá já níbẹ̀, má wulẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì eré gíga fún un lókè òkun.

Ní ọgbà eré IMG Worlds of Adventure ní Dubai, wọn kì í béèrè ọjọ́ orí ọmọ: gíga rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n! Ọmọ tí kò ga tó mítà 1.05 ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, abẹ́ òrùlé kan tó ní AC ni gbogbo eré náà sì wà. Fi téèpù wọn tìrẹ lónìí, kí o tún un wọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa sanwó, torí ọmọ tó ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn láràárọ̀ kì í pẹ́ ga.