Ìyẹ́ Ara Ọkọ̀ Ìje Dẹjọ́: Ohun Tí Òfin Sọ àti Ohun Tí Òfin Gbàgbé

Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ní ìlú Eugene lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kò sì sí obìnrin tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí lórí eré náà. Inú gbogbo ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ló dùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bàtà tó wọ̀, bàtà àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ni. Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ ló ń dun òun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òun ló mú kí òun béèrè fún bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Àjọ World Athletics kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú bàtà náà, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, Amúsàn sá 12.06 ní àṣekágbá, ó gba wúrà, ṣùgbọ́n wọn kò ka iye yẹn sí àkọsílẹ̀ tuntun, nítorí pé atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ mítà 2.0 ni òfin gbà.

Irin-iṣẹ́ àti atẹ́gùn: ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ó para pọ̀ di ẹjọ́ tí kò tán nínú ìje ọkọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Formula One. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ eléré náà ti ń wọ́ ara wọn lọ síwájú onídàájọ́ nítorí pátákó tín-ín-rín kan tí wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀.

Kí ni pátákó yìí ń ṣe? Ẹni tó bá ti gbé Èrúwà, Lánlátẹ̀ tàbí Igbó-Ọrà rí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ mọ ohun tí ìjì máa ń fi páànù ilé ṣe. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ńṣe ni ìjì wọ abẹ́ òrùlé, tó sì tì í sókè. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Atẹ́gùn tó ń sáré kọjá lórí òrùlé kì í tẹ páànù mọ́lẹ̀ tó bí afẹ́fẹ́ inú ilé, tó dúró jẹ́ẹ́, ṣe ń tì í sókè. Nítorí náà ni páànù ṣe ń fà tu, tí ìṣó kò sì lè dá a dúró. Ọ̀nà kan náà ni ìyẹ́ bàálù ń gbà gbé bàálù kúrò nílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ìje wá ronú pé, bí a bá dojú ìyẹ́ náà délẹ̀ ńkọ́? Kàkà kí atẹ́gùn gbé ọkọ̀ sókè, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, táyà yóò di títì mú ṣinṣin, awakọ̀ yóò sì lè fi eré ńlá yí kọ́nà láìtàkìtì. (Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń so irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìdí Corolla, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n rà. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi ṣe òpin fún ọkọ̀ kékeré ní márosẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe kò tó nǹkan.)

Ọdún 1968 ni ìyẹ́ wọ Formula One, ní ìlú Spa lórílẹ̀-èdè Belgium. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi ń gbé e ka orí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga ju orí awakọ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1969, ní Barcelona, òpó ìyẹ́ ọkọ̀ Lotus méjì ṣẹ́ nínú ìdíje kan náà, ní ibi kan náà. Graham Hill jáde láìfarapa; Jochen Rindt, tó tẹ̀ lé e, fara gbọgbẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Monaco lóṣù yẹn kan náà, àwọn aláṣẹ fòfin de ìyẹ́ nígbà tí ìdánrawò ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà á padà, ṣùgbọ́n kó wà nísàlẹ̀, kó sì dúró gbọn-in. Láti ìgbà náà ni òfin kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: ohunkóhun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti darí atẹ́gùn lára ọkọ̀ kò gbọdọ̀ mira.

Òfin náà dára, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ló bí i. Ṣùgbọ́n gbólóhùn òfin dà bí ọgbà tí ewúrẹ́ ń yí ká láràárọ̀. Bó pẹ́ bó yá, yóò rí ibi tí igi ti jìnnà síra.

Ní ọdún 1978, Gordon Murray, tó ń ya ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ Brabham, gbé fáànù ńlá kan sí ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ Lotus ni ó ń borí gbogbo wọn lọ́dún náà, nítorí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń lo atẹ́gùn abẹ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì Alfa Romeo tí Brabham ń lò sì gbòòrò débi pé kò fi àyè sílẹ̀ fún irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Brabham ní fáànù náà ń fa atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀ kọjá kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná. Òótọ́ ni. Àmọ́ ó ń fa atẹ́gùn abẹ́ ọkọ̀ jáde pẹ̀lú, ọkọ̀ náà sì ń lẹ̀ mọ́ títì bí ìgbín ti ń lẹ̀ mọ́ ara igi. Bí awakọ̀ bá tẹ iná lórí ìdúró, ojú lásán ni a fi ń rí i tí ọkọ̀ ń rẹlẹ̀. Ní Anderstorp lórílẹ̀-èdè Sweden, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, Niki Lauda fi í gba ipò kìíní, ó sì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lọ tó fi ṣáájú ẹni tó tẹ̀ lé e.

Àwọn yòókù fárígá. Fáànù ń yí, wọ́n ní, ohun tó bá sì ń yí ti mira. Brabham fèsì pé òfin sọ̀rọ̀ nípa ohun tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ ìtutù ẹ́ńjìnnì ni olórí iṣẹ́ fáànù àwọn. Lójú tèmi, bí a bá ka òfin náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, Brabham jàre. Wọn kò gba ipò kìíní náà lọ́wọ́ Lauda. Ṣùgbọ́n Bernie Ecclestone, tó ni Brabham, tún jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn tó ni ọkọ̀ ìje. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí lè tú ẹgbẹ́ ká, ó sì gbé ọkọ̀ náà wọlé. Kò tún jáde sí ìdíje mọ́, àwọn aláṣẹ sì fòfin de fáànù.

Irú ọgbọ́n tó ń wo ohun kan tó sì ń béèrè pé kí ni nǹkan yìí tún lè ṣe, kì í ṣe àjèjì ní Èrúwà. Olóògbé Dókítà Awójọbí, oníṣẹ́ abẹ tó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀, tó sì kú ní ọdún 2015, fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára aláìsàn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí alátakò tó máa pè é lẹ́jọ́.

Ẹjọ́ tó kọ́ni jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọdún 2009. Ní ìparí ọdún 2008, ilé iṣẹ́ Honda kéde pé àwọn ń fi ìdíje náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà sì wà lójú ọ̀nà ọ̀fun. Ross Brawn, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, gba ẹgbẹ́ náà ní owó pọ́n-ùn kan péré, ó sì sọ ọ́ ní Brawn GP. Ọdún yẹn ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀, tí ó dín agbára atẹ́gùn kù kí ọkọ̀ lè máa ya ara wọn sílẹ̀ dáadáa. Òfin náà fi òpin sí bí apá ẹ̀yìn abẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní diffuser, ṣe lè ga tó. Ó tún sọ pé bí ènìyàn bá wo abẹ́ ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ gangan, kò gbọ́dọ̀ rí ihò.

Ẹ fọkàn bá mi lọ. Abẹ́ ọkọ̀ Formula One nígbà náà kì í ṣe pẹrẹsẹ kan ṣoṣo. Àárín rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ga jù ú lọ ní mìlímítà 50, bí ìgbà tí àtẹ̀gùn kan bá wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá. Ojú àtẹ̀gùn náà, èyí tó dúró lóòró, ni Brawn, Toyota àti Williams la ihò sí. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ tó ń wòkè tààrà kò lè rí ihò tó wà lójú ògiri òòró. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọ diffuser kejì tó wà lókè àkọ́kọ́, ọkọ̀ sì ń rí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí òfin rò pé òun ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ferrari, Red Bull àti Renault fẹ̀sùn kàn wọ́n ní Melbourne. Àwọn adájọ́ orí pápá dá ẹ̀sùn náà nù, Jenson Button gba ipò kìíní, Rubens Barrichello gba ipò kejì, méjèèjì nínú ọkọ̀ Brawn. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí ilé ẹjọ́ àjọ FIA ní Paris. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ilé ẹjọ́ náà ní kò sí òfin tí wọ́n rú. Ẹni tó ń sọ pé ẹ̀mí òfin ni kí wọ́n wò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwọn tó kọ òfin fẹ́ dín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kù. Síbẹ̀ mo fara mọ́ ìdájọ́ náà: ẹni tó fi oṣù gbọọrọ yẹ òfin wò lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kò yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ nítorí èrò tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Button gba mẹ́fà nínú ìdíje méje àkọ́kọ́, ó sì gba adé ọdún náà. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti fòfin dí ihò náà.

Ìgbà mìíràn, kì í ṣe ìtumọ̀ òfin ni ìjà, bí kò ṣe rúlà. Ní Malaysia lọ́dún 1999, wọ́n yọ ọkọ̀ Ferrari méjèèjì tó gba ipò kìíní àti èkejì kúrò, wọ́n ní pátákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fi nǹkan bíi mìlímítà mẹ́wàá yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ti bá wọn dé ìdí ẹjọ́ ààlà oko rí mọ bó ṣe máa ń rí: pèrègún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbo gan-an ni okùn ti bẹ̀rẹ̀? Ní Paris, Ferrari fi hàn pé wọn kò wọ̀n ọ́n dáadáa, àti pé mìlímítà márùn-ún tí òfin fi sílẹ̀ fún àṣìṣe gbà á. Wọ́n dá ipò wọn padà. Ní Brazil lọ́dún 2021, mìlímítà 0.2 péré ni àyè ìyẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ Lewis Hamilton fi ju 85 tí òfin sọ. Wọ́n gbà pé kò mọ̀ọ́mọ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n lé e sí nínú eré kúkúrú ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ Àìkú ló gba ipò kìíní.

Èyí tó le jù ni ìyẹ́ tí ń tẹ̀. Kò sí pátákó tí atẹ́gùn kì í tẹ̀ lórí eré 300 kìlómítà, nítorí náà “kò gbọdọ̀ mira” kò ṣeé tẹ̀ lé pátápátá. Ohun tí FIA ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ẹrù lé ìyẹ́, wọ́n á sì wọn bó ṣe tẹ̀ tó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ní Barcelona, wọ́n dín ohun tí ìyẹ́ iwájú lè tẹ̀ lábẹ́ ẹrù 100 kìlógírámù kù láti mìlímítà 15 sí 10. Òfin ọdún 2026 sì yí ọ̀rọ̀ padà: ìyẹ́ iwájú àti tẹ̀yìn ni awakọ̀ lè máa ṣí, kó sì máa pa, lórí títì tó gùn gbọọrọ.