Ọmọ Tó Mọ Ṣẹ́ńjì Kì Í Ṣe Olódo

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́ àwọn ọmọ wa, ọ̀rọ̀ òní kàn yín lọ́gbọọgba. Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan jókòó ti àtẹ ata ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Oníbàárà ra ata ₦350, ó sì na ₦1,000 sí i. Ọmọ náà kò wá bébà, kò wá pẹ́ńsù. Bí ó ti ń ka owó lé oníbàárà lọ́wọ́ ni ó ń sọ ọ́ lẹ́nu: 50 sọ ọ́ di 400, 100 sọ ọ́ di 500, 500 sọ ọ́ di 1,000. Ó ti san ṣẹ́ńjì ₦650, kò sì sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, olùkọ́ kọ 1,000 sí ojú pátákó, ó kọ 350 sí abẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè. Ọmọ kan náà yìí kọ 1,350. Ẹ wò ó dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí àtẹ ni ó wà, ṣẹ́ńjì tí ì bá san ìbá pọ̀ ju owó tí oníbàárà mú wá lọ! Olùkọ́ fi bírò pupa fa igi sí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n pè é ní olódo. Bàbá gbọ́ nílé, ó ní: “Orí ọmọ yìí kò gba ìwé. Ẹ jẹ́ kí ó kúkú máa bá ìyá rẹ̀ tajà.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọmọ tí orí rẹ̀ pé di ẹni tí kò kàwé.

Kí ni ó fa 1,350 yìí? Ọmọ náà kò mọ ohun tí àmì tí ó wà lójú pátákó dúró fún. Ó rí òdo lókè, ó rí 5 nísàlẹ̀. Òdo kò tó í yọ 5 kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà ó yí i padà, ó yọ òdo kúrò nínú 5. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún 3. Nígbà tí ó kan 1, kò rí ohun tí yóò yọ, ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjà, owó ni ó ń kà. Ní kíláàsì, àmì lásán ni ó ń tò.

Ẹ má ṣe rò pé tiwa nìkan ni èyí. Ní ìlú Recife, ní etí òkun orílẹ̀-èdè Brazil, àwọn ọmọ kéékèèké máa ń bá òbí wọn tajà ní ìgboro bí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Terezinha Nunes Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, lọ bá márùn-ún nínú wọn, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 9 sí 15. Wọ́n ṣe bí oníbàárà, wọ́n ń ra ọjà, wọ́n sì ń bi wọ́n pé èló ni gbogbo rẹ̀, èló ni ṣẹ́ńjì. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún àwọn ọmọ náà ní pẹ́ńsù àti bébà, wọ́n sì fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣe ìdánwò fún wọn bí ti ilé-ìwé.

Ní 1985 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ní ìdí ọjà, bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn àwọn ọmọ náà ni ó tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fi ìtàn kékeré gbé ìṣirò náà kalẹ̀ fún wọn, ó di bí 74. Nígbà tí wọ́n kọ iye nìkan sílẹ̀ láìsí ìtàn kankan, ó já sí bí 37. Ọmọ márùn-ún kò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe yẹ kí gbogbo olùkọ́ fi etí sí.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 12 tí ó ń ta àgbọn. Owó àgbọn kan jẹ́ 35 cruzeiro, èyí tí í ṣe owó Brazil ìgbà náà. Wọ́n ní kí ó ta mẹ́rin fún àwọn. Ó ti mọ̀ pé mẹ́ta jẹ́ 105. Ó fi 30 lé e, ó di 135. Ó fi 5 tí ó kù kún un, ó ní 140 ni. Nígbà tí wọ́n kọ 35 lọ́nà mẹ́rin sí orí bébà fún un, ó ní 5 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 20, òun gbé 2 lọ́wọ́. Ó fi 2 kún 3, ó di 5, ó tún sọ 5 yìí di ìlọ́po mẹ́rin, ó kọ 200 sílẹ̀. Ó rántí pé wọ́n ní kí òun gbé nǹkan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó dùn mọ́ni pé èdè tiwa tilẹ̀ la ọ̀nà sílẹ̀ fún irú ìṣirò yìí. Kí ni à ń pe 35? Márùndínlógójì ni, èyí ni pé ogójì dín márùn-ún. Nítorí náà, ogójì mẹ́rin jẹ́ ọgọ́jọ, márùn-ún mẹ́rin jẹ́ ogún. Yọ ogún kúrò nínú ọgọ́jọ, ó ku ogóje, 140 gan-an nìyẹn. Orúkọ tí àwọn baba wa fún iye náà ti kọ́ ọmọ bí yóò ṣe ṣírò rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro òde òní kò lè pè é mọ́.

Èdè kan náà ni àwọn ọmọ Recife ń sọ ní ọjà àti ní ilé-ìwé, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wọn yẹ̀. Mélòó mélòó ni ọmọ tiwa tí ó fi Yorùbá tajà, tí wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ìṣirò? Ẹrù méjì ni a gbé lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì wọn náà kò sì rẹ̀yìn.

Kí ni kí á wá ṣe? Ẹ̀yin olùkọ́, mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún yín.

Ìkíní, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan iye kí ó tó kọ ọ́. Ìgbálẹ̀ kò wọ́n. Ẹ di ọwọ̀n rẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ẹ bá fẹ́ yọ 18 kúrò nínú 43, ẹ kó ìdì mẹ́rin àti ọwọ̀n mẹ́ta síwájú ọmọ. Ọwọ̀n mẹ́ta kò tó í yọ mẹ́jọ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìdì kan. Ọwọ̀n di mẹ́tàlá. Ó yọ mẹ́jọ, ó ku márùn-ún. Ìdì tí ó ku mẹ́ta, ó yọ ọ̀kan, ó ku méjì. Ìdáhùn jẹ́ 25. Ọmọ tí ó ti tú ìdì báyìí lẹ́ẹ̀mẹwàá yóò mọ ìdí tí a fi ń yá mẹ́wàá, kò ní gba àmì fún àdììtú mọ́.

Ìkejì, kí ẹ tó fa igi pupa, ẹ bi ọmọ pé, “Báwo lo ṣe ṣe é?” Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ó bá ti ń ṣàlàyé ni ẹ ó rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, òun náà yóò sì máa rí i.

Ìkẹta, ẹ kọ́ ọ láti máa bi ara rẹ̀ pé, “Ṣé èyí lè rí bẹ́ẹ̀?” Ọmọ tí ó bá rántí ata àti ₦1,000 kò ní fi 1,350 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tajà, mi ò sọ pé kí ẹ mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé wá sí ìdí àtẹ o. Ìṣirò orí kì í jìnnà púpọ̀. Bí iye bá tóbi, tí ó bá di ọ̀rọ̀ ìdá, èlé owó tàbí ìwọ̀n ilẹ̀, ìwé ni yóò gbà wá. Ohun tí mo ń wí ni pé ní ọjọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí ọmọ san ṣẹ́ńjì, kí ó sọ bí ó ṣe ṣe é sókè, lẹ́yìn náà kí ó kọ ọ́ sínú ìwé bí wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, kí ó wá ibi tí àṣìṣe wà. Báyìí ni ìsọ̀ àti kíláàsì yóò ṣe di ọ̀rẹ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí á gbé orúkọ náà, olódo, jù sígbó. Ọmọ tí ó gba òdo lónìí kò ní òdo lágbárí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí à ń fi rẹ́rìn-ín ní kíláàsì ni kò jẹ́ kí kọ́bọ̀ kan sọnù nínú owó ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá.