Ìwé Ọjọ́ Méje Lára Ilẹ̀kùn

Lójú ọ̀nà Candos, ní Barúwà, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, àwọn onímárúwá ti ń pe èrò Ìyànà Ìpájà. Mo tẹ̀lé agbẹjọ́rò kan tó ń bá aláìní ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ wọ ilé kan tí yàrá kojú síra wọn. Ìwé wà lára ilẹ̀kùn yàrá kẹta. Ìyá ẹlẹ́wà tó ń gbé ibẹ̀ ti di ẹrù sínú àpò ńlá méjì.

"Wọ́n ní kí n kó jáde lọ́jọ́ méje."

Agbẹjọ́rò ka ìwé náà tán. "Mọ́mì, ẹ tú ẹrù yín. Ìwé yìí ò lé yín jáde. Bàbá onílé ń sọ pé tí ọjọ́ méje bá pé, àwọn ń lọ kọ́ọ̀tù ni. Adájọ́ nìkan ló lè lé yín. Kúìtì nótíìsì tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ńkọ́?"

Ìyá tú ọ̀rá dúdú kan: rìsíìtì owó ilé ọdọọdún, àti nótíìsì oṣù mẹ́ta péré. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, àfi tí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn.

Nígbà tí onílé pẹjọ́, mo bá ìyá àti agbẹjọ́rò rẹ̀ dé kọ́ọ̀tù májísíréètì ní Ọgbà. Ẹjọ́ tó ṣáájú tiwọn, ọkùnrin ayálégbé kan ló dá dúró láìní agbẹjọ́rò. Adájọ́ bi í ní ọ̀rọ̀ nípa nótíìsì. Ó fèsì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni." Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi í. Bóyá òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wò ó.

Nígbà tó kan ìyá ẹlẹ́wà, agbẹjọ́rò rẹ̀ dìde, ó fi rìsíìtì àti nótíìsì oṣù mẹ́ta han adájọ́. Kò pẹ́ tí adájọ́ fi da ẹjọ́ náà nù: kí onílé lọ fún un ní nótíìsì tó pé. Ìyá ṣì máa san owó ilé. Àkókò tó máa fi wá ibòmíràn ló gbà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bá aláìní ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ti wà láti ọdún 1976. Ìjọba Èkó náà dá OPD, àwọn agbẹjọ́rò mẹ̀kúnnù, sílẹ̀ ní 2000. Wọ́n ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ìjọba ìbílẹ̀ tí Barúwà wà nínú rẹ̀, ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní 1,200,000. Ọwọ́ ìjọba nìkan ò lè ká a.

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò agbègbè wa, ẹ gba ẹjọ́ ayálégbé kan ṣoṣo lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ayálégbé, tí ẹ bá bá ìwé lára ilẹ̀kùn yín, ẹ má di ẹrù. Ẹ mú un lọ bá agbẹjọ́rò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì yín dáadáa.