Agbọ́n Kékeré Tó Gba Ẹ̀gẹ́ Wa Là

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí oríṣìíríṣìí ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú igbó àti ẹ̀bá oko: kòkòrò, koríko, igi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Àgbẹ̀ lè béèrè pé, "Èwo ló kàn mí níbẹ̀?" Ẹ̀gẹ́ ni a ó fi dáhùn.

Àwọn àgbà inú yín yóò rántí kòkòrò funfun kan tó máa ń bo orí ẹ̀gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bu ìyẹ̀fun dà á sí. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá láyé àtijọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní agbègbè Kóńgò. Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ló ń fà mu. Ewé a ká jọ, igi a ràn, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń le jù. Níbi tó bá ti jà gan-an, àgbẹ̀ tó ń retí apẹ̀rẹ̀ márùn-ún lè má rí ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn onímọ̀ wá bi ara wọn pé, kí ló dé tí kòkòrò yìí kò pa ẹ̀gẹ́ run ní ilẹ̀ rẹ̀? Ó ní ọ̀tá níbẹ̀ ni. Ní 1981, wọ́n rí ọ̀tá náà ní Paraguay: agbọ́n kan tó kéré débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Kì í ta ènìyàn. Inú ara kòkòrò funfun ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ tó bá pa a jẹ kòkòrò náà láti inú, a dàgbà di agbọ́n, a sì jáde lọ wá òmíràn. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má baà kó ìyọnu mìíràn wọlé, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1981 kan náà. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló darí iṣẹ́ náà ní IITA. Wọ́n tilẹ̀ fi ọkọ̀ òfuurufú tú agbọ́n ká! Ó tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, Herren sì gba World Food Prize ní 1995. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀.

Ká ní wọ́n ti fi òògùn pa gbogbo kòkòrò oko Paraguay ṣáájú 1981 ńkọ́?

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ nìyẹn. Àrùn mósáíìkì, tó ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di alámì pupa-rúsúrúsú, igi kan ló bá wa ṣẹ́gun rẹ̀. Igi yìí jẹ́ ìbátan ẹ̀gẹ́ láti Bràsíìlì. Oje rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe rọ́bà nígbà kan rí, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì ṣeé fi ṣe gàárì. Ní Amani, ní Tanzania, wọ́n mú un bá ẹ̀gẹ́ lò pọ̀. Ọmọ rẹ̀ dé Moor Plantation, Ìbàdàn, láti ibẹ̀ ni IITA sì ti rí ìran TMS 30572 tí ọ̀pọ̀ yín ti gbìn.

Nítorí náà, ẹ wo orí ẹ̀gẹ́ dáadáa kí ẹ tó gbé fáńpù òògùn kọ́ ẹ̀yìn. Bí kòkòrò funfun bá wà níwọ̀nba, ẹ fi í sílẹ̀ fún agbọ́n. Òògùn a máa pa agbọ́n pẹ̀lú. Ẹ má ṣán igbó etí odò tán, ẹ má sì sun gbogbo ẹ̀bá oko. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì lè ya ebè díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ ìlú wọn, èyí tí ìran tuntun ti ń lé lọ. Igi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe àgbàdo tí a ń so rọ̀ sókè ààrò. Èyí tí a kò bá tún gbìn, ó parun nìyẹn.