Àwọn Obìnrin inú Eré Sinimá "The Wedding Party"

Púpọ̀ nínú yín ti wo eré sinimá aláwàdà "The Wedding Party," tí Kẹ́mi Adétiba darí, tí ó jáde ní ọdún 2016, nípa ìgbéyàwó ọmọbìnrin Yorùbá àti ọ̀dọ́mọkùnrin Ìgbò ní Èkó. Ta ni a fi ń ṣe ẹlẹ́yà nínú rẹ̀?

Àwọn ìyá ni. Tinúadé, ìyá ìyàwó, jẹ́ aláriwo. Obianuju, ìyá ọkọ, jẹ́ agbéraga, kò sì ka ìyàwó ọmọ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Felix, ọkọ Obianuju, jẹ́ alágbèrè. Ìgbéraga náà kò ha í ṣe aṣọ tí ó fi bo ọgbẹ́ bí? A rí aṣọ, a rẹ́rìn-ín. A kò bèèrè ẹni tí ó dá ọgbẹ́ náà sí i lára.

Dúnni, ìyàwó, pa ara rẹ̀ mọ́ di ọjọ́ ìgbéyàwó. Dozie, ọkọ rẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọmọbìnrin, òfin ni. Fún ọmọkùnrin, ọ̀rọ̀ àwàdà ni.

Ẹ̀yin baba, ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin yín, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin yín pẹ̀lú.