CPAP tó ń darúgbó: ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni, àbí ohun tó so mọ́ ọn?

Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe símẹ́ńtì ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òkúta ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ló sì fa iléeṣẹ́ wá. Ìtòrí, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, tírélà ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ọyẹ́ bá wá dé, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti Òkè Ọya a tún kún ti ilé. Ẹni tó bá ń fi CPAP, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sí imú, sùn nírú ìlú báyìí, ara fílítà ló ti máa kọ́kọ́ rí i: ohun tó funfun lọ́jọ́ tó fi í sí i kì í pẹ́ dúdú.

Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tàbí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò lágbára mọ́, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ó ti kú, kí wọ́n pe ọmọ tó wà lókè òkun kó fi òmíràn ránṣẹ́. Lójú tèmi, ìpè yẹn máa ń yá jù. Ohun tó wà láàárín imú àti ẹ̀rọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ náà burú ju èyí tí wọ́n fẹ́ jù nù lọ.

Àìsàn tó gbé CPAP wá ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sleep apnea. Bí ẹni tó ní in bá ti sùn, iṣan ọ̀fun rẹ̀ a dẹ̀, ọ̀nà afẹ́fẹ́ a pa dé, èémí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ a ta gìrì, onítọ̀hún a mí kanlẹ̀, oorun a tún gbé e lọ. Tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ nígbà 5 sí 14 láàárín wákàtí kan, wọ́n kà á sí èyí tí kò tíì le púpọ̀. Tó bá tó 30, ó ti le gan-an nìyẹn. Nílé wa, ẹni tó ń hanrun tí ògiri ń mì ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó sùn dáadáa, bẹ́ẹ̀ oorun náà kò ṣe é láǹfààní kankan. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 nínú ìwé ìròyìn Lancet Respiratory Medicine ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó ní irú àìsàn yìí lágbàáyé, láàárín ẹni ọdún 30 sí 69, sún mọ́ bílíọ̀nù kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a rìn. Oorun ojúmọmọ náà ń bá a rìn, ẹni tó bá sì ti rí tírélà símẹ́ńtì tó dédé yà kúrò lójú títì láàárọ̀ yóò mọ ohun tí oorun ojúmọmọ lè ṣe.

CPAP kì í ṣe ẹ̀rọ ọ́síjìn, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló ń fà. Fáànù inú rẹ̀ a ti afẹ́fẹ́ yìí gba inú họ́ọ̀sì dé imú, agbára afẹ́fẹ́ náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀fun pa dé. Dókítà ará Ọsirélíà kan, Colin Sullivan, ló kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 1981, lẹ́yìn tó ti dán an wò lára aláìsàn 5. Mọ́tò irú èyí tí òyìnbó fi ń fa eruku ilé ni wọ́n fi ṣe àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Tòde òní kéré, kì í pariwo, agbára tí dókítà lè gbé e sí sì wà láàárín 4 àti 20 lórí òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà omi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àléébù wà, ẹ yọ ìbomú kúrò, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gba afẹ́fẹ́ lẹ́nu họ́ọ̀sì. Ẹ má tíì bọkàn jẹ́ tí kò bá lágbára: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣètò pé kó máa rọra gòkè, ó sì lè tó ìṣẹ́jú 45 kó tó dé ibi tí dókítà fi sí. Ẹ pa ètò ìrọra-gòkè yẹn ná. Bí afẹ́fẹ́ bá wá ń jáde gírí, ìbomú ni ẹ ó yẹ̀ wò. Bí kò bá jáde tó, ẹ wo fílítà, kí ẹ sì wo họ́ọ̀sì lásán, èyí tí kò ní wáyà nínú: ẹ dí ẹnu rẹ̀ kan, ẹ tì í bọ inú omi, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i bí fọkanáísà ṣe ń wá ihò táyà. Ibi tó bá ti ń hó ni ihò wà. Kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà.

Ìbomú ló ń jẹ owó jù. Rọ́bà rírọ̀ etí rẹ̀ a máa le, a máa rún, afẹ́fẹ́ a wá máa sá gba ẹ̀gbẹ́ ojú. Nígbà ọyẹ́, ẹni tó bá fi òrí tàbí fásílìn pa ojú kó tó gbé ìbomú wọ̀ ti ṣe é léṣe: òróró ń jẹ rọ́bà yẹn, kì í sì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ara. Lórí ẹ̀rọ ResMed, bí afẹ́fẹ́ tó ń sá bá ti kọjá lítà 24 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti pọ̀ jù. Ojú ẹ̀rọ kan náà ló ń fi iye ìgbà tí èémí dákẹ́ láàárín wákàtí kan hàn láàárọ̀. Bí iye yẹn bá kúrò lábẹ́ 5 tó sì ń gòkè lójoojúmọ́, ẹ yẹ afẹ́fẹ́ tó ń sá wò kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Medicare, ètò ìlera àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà, gbà kí aláìsàn máa pààrọ̀ fílítà rírọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, họ́ọ̀sì lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àti ike omi lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tí ìjọba ń sanwó fún ni wọ́n kọ ìyẹn fún. Ẹni tó ń fi náírà ra nǹkan tí wọ́n fi dọ́là dá owó lé, ojú ni yóò fi máa wò ó: họ́ọ̀sì tí kò jò, tí inú rẹ̀ mọ́, ṣì lè ṣiṣẹ́. Fílítà nìkan ni mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ahun ní Ìtòrí. Èyí tí wọ́n ń jù nù kì í ṣe ohun à ń fọ̀.

Omi inú ike, tí ẹ̀rọ fi ń mú kí afẹ́fẹ́ lọ́rinrin, tún wà níbẹ̀. Nínú ilẹ̀ òkúta ẹfun, omi kànga àti ti bọ́ọ̀hólù máa ń fi èépá funfun sílẹ̀ nídìí ike, omi inú ọ̀rá kò sì jẹ́ kó tán. Omi distilled láti ilé oògùn ló dára. Kì í ṣe omi bátìrì tí àwọn rìwáyà ń tà: ẹ kò mọ ohun tó ti kan kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ọṣẹ lásán àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi fọ ike. Ízáàlì àti Dẹ́tọ́ọ̀lù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, nítorí inú ẹ̀dọ̀fóró ni òórùn wọn ń lọ. Kí ẹ sì da omi nù kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kúrò lójú kan. Omi tó dà wọ inú mọ́tò ti ba ẹ̀rọ púpọ̀ jẹ́.

Ní ti iná, ẹ̀rọ tó “kú” lẹ́yìn tí NẸ́PÀ mú iná dé pẹ̀lú agbára lè má tíì kú. Ádápítọ̀ ló sábà máa ń jóná. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kí ẹ tó yá ti ẹlòmíràn: ti Philips DreamStation jẹ́ fóòtì 12, ti ResMed AirSense 10 jẹ́ 24, wọn kò sì ṣeé fi rọ́pò ara wọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi bátìrì sùn, ẹ pa ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Láìsí ìyẹn, ẹ̀rọ lè má jẹ ju wáàtì 30 lọ, èyí tó jẹ́ wáàtì-wákàtí 240 fún wákàtí 8. Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 100Ah ní wáàtì-wákàtí 1,200 nínú. Bí ẹ bá lo ìdajì kí ó má baà tètè bàjẹ́, yóò gbé yín sun òru méjì.

Jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Nítorí afẹ́fẹ́ yàrá ni CPAP ń fà, èéfín tó bá wọlé ni yóò tì sí yín nímú, kò sì sí fílítà CPAP kankan tó lè dá carbon monoxide dúró. Ai-bẹ́tà-pass lábẹ́ fèrèsé àti CPAP lórí imú kò gbọ́dọ̀ pàdé.

Bí ẹ bá ti yẹ gbogbo èyí wò tí nǹkan kò yí padà, ẹ̀rọ gan-an ló kù. Ariwo tó ń súfèé, òórùn ohun tó ń jó, kíkú láàárín òru láìjẹ́ pé iná lọ: mọ́tò ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀rọ ResMed a máa kọ ọ́ sójú wọn pé ọjọ́ ayé mọ́tò ti pé. Kò túmọ̀ sí pé yóò kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n àkókò tó láti máa wá òmíràn. Ọdún 5 ni Medicare máa ń dúró kó tó sanwó ẹ̀rọ tuntun. Ẹni tó bá ń sun wákàtí 8 lójoojúmọ́ yóò ti lo wákàtí 14,600 nígbà náà.

Ibi tí ẹ̀rọ kejì ti máa ń wá ni ọ̀rọ̀ ti le. Lóṣù kẹfà ọdún 2021, Philips pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù CPAP àti ẹ̀rọ èémí mìíràn padà, àwọn tí wọ́n ṣe kí ó tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún náà, DreamStation àkọ́kọ́ àti System One sì wà lára wọn. Fóòmù tí wọ́n fi dín ariwo kù nínú wọn ń rún, èérún dúdú lè gba inú họ́ọ̀sì wọ inú ẹni. Ooru àti ọ̀rinrin ń mú un tètè rún, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ozone tí àwọn kan fi ń fọ CPAP. Ooru àti ọ̀rinrin kò wọ́n ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Lóṣù kìíní ọdún 2024, Philips gbà láti dá títa ẹ̀rọ tuntun dúró ní Amẹ́ríkà. Lóṣù kẹrin ó gbà láti san bílíọ̀nù 1.1 dọ́là fún àwọn tó pè é lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n pè padà níbẹ̀ lè wà nínú báárẹ́lì tó ń bọ̀ wá sílé. Nítorí náà, kí ọmọ tó di tòkunbọ̀ fún yín, ẹ ní kó ya fọ́tò ìdí ẹ̀rọ, kó sì fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ wá a lórí ìkànnì Philips. Ẹ ní kó tan án, kó sọ iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ tí ẹ ń lò lọ́wọ́ bá wà lára wọn, ẹ má ṣe tú u láti yọ fóòmù náà, ẹ má sì kàn jù ú sílẹ̀ láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ tuntun kò mọ agbára tí ọ̀fun yín nílò. Ẹni tó ti sanra sí i tàbí tó ti fọn láti ìgbà tí wọ́n ti wọn oorun rẹ̀ lè nílò òmíràn. Ẹ gbé ẹ̀rọ àtijọ́ àti káàdì inú rẹ̀ lọ bá dókítà tó ń tọ́jú yín, ní ilé ìwòsàn FMC Ìdí-Àbà tàbí OOUTH Ṣàgámù tàbí ibòmíràn, kó ka ohun tó wà lórí rẹ̀ kó tó ṣètò tuntun. Láàárín ìgbà náà, ẹ fẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ gbé orí sókè, ẹ jìnnà sí ọtí àti oògùn oorun, nítorí wọ́n ń mú ọ̀fun dẹ̀ sí i. Páragà inú gáréèjì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ́ awakọ̀, kó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ títí tí yóò fi tún máa sun oorun gidi.