Bí a bá fẹ́ tún àdúgbò kọ́: ẹ̀kọ́ kan láti Ìdànrè

Ó ti di ohun tí ojú ń rí lemọ́lemọ́, ní ìlú ńlá àti ní ìlú kékeré, kí àwọn òṣìṣẹ́ dé sí àdúgbò kan pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa àmì sí ara ògiri ilé. Ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ là, tàbí ọjà titun ni wọ́n fẹ́ kọ́, tàbí wọ́n ní àwọn ilé ibẹ̀ ti há mọ́ra jù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àdúrà ìdílé bá parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń kù nínú ilé: níbo ni a ó lọ? Àwa kò kọ̀wé yìí láti bá ìjọba jà, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ ọ́ láti yin gbogbo ohun tí ó bá jẹ́ titun. A kọ ọ́ kí olúkúlùkù ìdílé lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè kí ilé tó wó. Ìlú Ìdànrè ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni odidi ìlú ti kó kúrò ní ibùgbé rẹ̀ tí kò sì parun.

Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè yóò rí àwọn òkè àpáta náà láti òkèèrè. Lórí wọn ni àwọn baba ńlá ará Ìdànrè tẹ̀dó sí láti ìgbà láéláé, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ufẹ̀ Òkè. Ogun ni ó mú kí ibẹ̀ dára fún wọn, nítorí kò sí ọ̀tá tí ó lè gun àpáta bẹ́ẹ̀ kí a má rí i. Lónìí, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni àlejò yóò gùn, pẹ̀lú ibi ìsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà, kí ó tó dé ìlú àtijọ́ náà. Bí ó bá débẹ̀, yóò rí ààfin Ọwá àti àwọn òpó rẹ̀ tí a gbẹ́ ọnà sí, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, ibojì àwọn àgbà, àti ilé ẹ̀kọ́ tí a ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ọdún 1896. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin olùkọ́: ìwé àti sílétì tí a kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ ní Ìdànrè, orí ènìyàn ni ó rù ú gun àpáta.

Nígbà tí ogun dáwọ́ dúró, ohun tí ó ti jẹ́ ààbò di ẹrù. Ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ oko tí ó dára wà. Kòkó dé, ìsàlẹ̀ náà ni ó sì ti ń so; ọ̀nà mọ́tò dé, kò sì lè gun òkè. Ọdún 1923 ni a sábà máa ń dárúkọ fún sísọ̀kalẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n odidi ìlú kì í kó ní ọjọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ni ilé fi ń ṣófo lókè tí ó sì ń pọ̀ sí i nísàlẹ̀. Báyìí ni Òdòde, Aládé àti Àtòsìn ṣe di ìlú ní ẹsẹ̀ òkè, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń jẹ́ orúkọ Ìdànrè títí di òní. Ọwá pẹ̀lú sọ̀kalẹ̀. Òdòde ni ààfin wà nísinsin yìí.

A kò sọ pé ó rọrùn. Ẹni tí ó sin baba rẹ̀ sí ibì kan kì í fi ọkàn gbogbo kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní, ṣíṣí tí wọ́n ṣí mú wọn súnmọ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, kò mú wọn jìnnà sí i. Èkejì, ọba àti tálákà ni ó jọ ṣí. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó sí ààyè tirẹ̀ tí ó ń pàṣẹ fún ẹlòmíràn pé kí ó máa kó ẹrù. Ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí ó gba òkè náà lọ́wọ́ wọn kí ó tà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ padà lọ wo ojú ilé baba rẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un, àwọn ọdún ìbílẹ̀ kan sì wà tí wọ́n ṣì ń gòkè lọ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1924, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ní ọdún 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún ìlú náà ṣe, èyí tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí LEDB. Ní ọdún 1955, nígbà tí òmìnira ń súnmọ́lé tí àwọn aṣáájú sì fẹ́ kí olú-ìlú dára lójú àlejò, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Èkó. Nǹkan bí 70 éékà ilẹ̀ ni ètò náà kàn. Sùúrùlérè ni a kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ilé wọn wó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé wọ̀nyí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí ni pé àwọn ilé titun náà dára, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ojú pópó sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti ń tajà ní iwájú ilé kò rí oníbàárà mọ́, ọkọ ń san owó mọ́tò lójoojúmọ́ láti padà lọ sí ibi iṣẹ́, owó ilé sì ń wọ ọ̀pọ̀ lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ó ti ń rí ara wọn lówùúrọ̀ lálẹ́ di ẹni tí ń rí ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà tí ọmọ mẹ́rin ń fún ní oúnjẹ nínú agboolé kan wá ń retí ọmọ tí kò rí owó ọkọ̀. Ẹ̀yin òbí, ilé titun ni wọ́n rí gbà, ṣùgbọ́n agboolé fọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ìlú tí kò tóbi tó New York, tí kò sì kéré. Níbẹ̀, lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1865, àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú tẹ àdúgbò kan dó tí wọ́n ń pè ní Hayti. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n ṣí ìsọ̀, wọ́n dá ìjọ sílẹ̀. Ilé ìjọsìn St. Joseph tí wọ́n fi bíríkì kọ́ ní ọdún 1891 ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ní ọdún 1949 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó pèsè owó fún àwọn ìlú láti wó àdúgbò tí ó ti gbó, kí wọ́n sì tún un kọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kan Durham, wọ́n dìbò lé e lórí ní ọdún 1962, ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn dúdú pàápàá sì dìbò pé kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí a ṣèlérí ilé titun àti ìsọ̀ titun fún wọn. Wọ́n wó ilé lóòótọ́. Ìdílé tí ó lé ní 4,000 àti ilé iṣẹ́ òwò bí 500 ni a ṣí nípò, ọ̀nà ńlá mọ́tò sì gba àárín àdúgbò náà kọjá. Púpọ̀ nínú ohun tí a ṣèlérí kò dé. Àwọn olùfẹ́ ìlú gba ilé ìjọsìn St. Joseph là, ó sì di ilé ìrántí àti ilé àṣà; ṣùgbọ́n àwọn ìdílé tí ń fi ẹsẹ̀ rìn wá gbọ́ agogo rẹ̀ ti túká. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ilé kan tí ó ṣẹ́kù kì í jẹ́ àdúgbò.

Ó tọ́ kí a sọ òtítọ́ níhà méjèèjì. Àjàkálẹ̀ àrùn Èkó kì í ṣe ìtàn àròsọ, àwọn ilé tí omi òjò ń wọ̀ ní Hayti kì í ṣe irọ́, òkè Ìdànrè kò sì lè gba ọkọ̀ tí ń kó kòkó. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tí yóò fẹ́ kí ó máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tí ń rùn. Nítorí náà, bóyá kí a tún àdúgbò kọ́ kì í ṣe ìbéèrè tí a ń béèrè. Ohun tí a ń béèrè ni ta ni yóò tún un kọ́, àti ta ni yóò gbé inú rẹ̀ nígbà tí ó bá parí.

Àwọn tí ń ka Bíbélì nínú ilé wọn mọ̀ nípa Nehemáyà, ẹni tí ó tún odi Jerúsálẹ́mù mọ. Nígbà tí a bá ka orí kẹta ìwé rẹ̀, orúkọ lásán ni ó máa ń jọ lójú wa, a sì máa ń yára kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà ń ṣe àtúnṣe odi ní ọ̀kánkán ilé ara wọn, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti àwọn oníṣòwò wà níbẹ̀, ẹnì kan sì bá àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe é. Nehemáyà kò lé wọn kúrò kí ó tó mọ odi. Àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ ni ó fi mọ ọ́n. Àwa kò rí ètò tí ó sàn ju èyí lọ fún àdúgbò kankan.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan Ìdànrè fúnra rẹ̀. Ilé alámọ̀ tí ènìyàn kò gbé inú rẹ̀ kì í pẹ́ wó. Òjò ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí òkè náà lọ́dọọdún, àwọn ògiri sì ń lọ sílẹ̀. Ní ọdún 2007 orílẹ̀-èdè wa fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí UNESCO láti wà lára àwọn ibi tí a lè kà sí ogún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kíkọ orúkọ sílẹ̀ kì í gbé ògiri ró. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ọdún 1923 ìbá ti lé ní 110 ọdún báyìí. Àwọn ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òbí wọn pé ilé tiwa nìyí, ti lágbagbà ni wọ́n wà yìí, àwọn náà sì ń dín kù. Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, òkúta nìkan ni yóò kù fún àlejò láti wò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún ìdílé rèé. Bí ẹ bá ní àgbà nínú ilé, ẹ mú ìwé àti kálámù lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, ẹ béèrè orúkọ agboolé rẹ̀, àti ẹni tí ó bá wọn pààlà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá sì fa àmì pupa sí ògiri yín, ẹ má ṣe fi ọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó pe àwọn aládùúgbò yín jọ. Ẹ jọ béèrè pé: ṣé a ó súnmọ́ iṣẹ́ wa ni, tàbí a ó jìnnà sí i? Ṣé a ó jọ lọ, tàbí a ó túká? Owó gbà-má-bínú tí wọ́n fẹ́ san, ǹjẹ́ ó tó kọ́ ilé mìíràn? Ìlérí pé a ó padà, ǹjẹ́ ó wà ní àkọsílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é? Ìdílé kan tí ó béèrè bẹ́ẹ̀, a lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Odidi àdúgbò tí ó fi ohùn kan béèrè ṣòro láti rọ́ sẹ́yìn.

Kí Olúwa fún àwọn tí ń tún ìlú ṣe ní ọgbọ́n láti rántí pé ènìyàn ni ó ń jẹ́ ìlú, kí ó sì jẹ́ kí a bá àwọn aládùúgbò wa lẹ́nu ọ̀nà níbikíbi tí a bá kó lọ.